Eegun ti so, ṣé ẹni tó ni eegun ti yá? Bí ẹ ṣe lè ṣọ́ gbogbo ara lẹ́yìn jàǹbá

Tí èèyàn bá yọ nínú jàǹbá, ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé ẹ kú ewu, a dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ọpẹ́ yẹn tọ́, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ó máa ń jẹ́ ká tètè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí: wọ́n ti rán egbò, wọ́n ti to eegun, wọ́n ti ní ká máa lọ sílé, ó tán. Kò tán o. Ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti rí i kọ́. Mọ́tò tó wọ̀ lọ forí gbá òmíràn, apá òsì ẹ̀ kán, ó sì fi orí gbọgbẹ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà wọ́n tú P.O.P., ohun líle funfun tí wọ́n fi di apá ẹ̀ tó kán, X-ray fi hàn pé eegun ti so, gbogbo wa ń yọ̀. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn kò tíì lè sùn mọ́jú, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, tó bá sì jókòó nínú mọ́tò ẹ máa rí ọwọ́ ẹ̀ tó gbá irin ilẹ̀kùn mú, á dì í mú títí oríkèé ìka ẹ̀ á fi funfun. Eegun ti jinná, ẹni tó ni eegun ò tíì yá.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn tó ń kú sójú títì lọ́dọọdún tó mílíọ̀nù 1.19, àwọn tó ń fara pa tí wọn ò kú sì wà láàárín mílíọ̀nù 20 sí mílíọ̀nù 50. Ti àwọn tó kú la máa ń gbọ́ jù. Àwọn tó kù yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí, àtẹni tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn nílé, ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ẹni tí omi gbígbóná dà lé lára, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé kékeré kan

Kì í ṣe oògùn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ìwé ni. Ìwé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ àti bírò, tàbí kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, èyíkéyìí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ìdí ni pé tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ní báwo lara, ohun tó máa jáde lẹ́nu yín ni "a dúpẹ́, ó ń san díẹ̀díẹ̀", dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń san, ó di ìgbà míì. Ẹ̀yin ò purọ́, òun náà ò purọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òru mẹ́rin lẹ ò fi sùn láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn.

Lálaalẹ́, ìlà kan kan ti tó: wákàtí mélòó lẹ sùn, báwo ni ìrora yín ṣe rí láti orí òdo dé orí mẹ́wàá (kí òdo jẹ́ pé kò dùn yín rárá, kí mẹ́wàá jẹ́ èyí tó burú jù tẹ́ ẹ tíì jẹ rí láyé yín), oògùn wo lẹ lò àti aago mélòó, kí lẹ ṣe lónìí tẹ́ ò lè ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti báwo ni inú yín ṣe rí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Ẹ̀gbọ́n mi kọ "inú mi ò dùn, mi ò mọ ìdí" fún ọjọ́ mẹ́sàn-án léra wọn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀, ojú ewé yẹn náà ló kàn ṣí sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì nígbà tí ẹnu ẹ̀ ò lè sọ ọ́ jáde.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́

Nígbà tí jàǹbá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ara máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkìkì, ìrora á fara pa mọ́. Ìdí nìyẹn tí èèyàn á fi dìde nílẹ̀, á gbọn eruku ara ẹ̀ dànù, á ní kò sí nǹkan kan tó ṣe òun, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ọrùn ò ní ṣeé yí mọ́. Ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dunni lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí mọ́tò gbáni látẹ̀yìn wọ́pọ̀ gan, ó sì máa ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rọra yí i dípò kẹ́ ẹ gan pa bí igi. Àmọ́ tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá ń kú, tó ń ṣe yín bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, tàbí tí ìtọ̀ ò ṣeé mú dúró mọ́, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

Orí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá forí gbá nǹkan, kódà tí kò dákú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan fún ọjọ́ kan sí méjì. Kó sùn o, oorun ò léèwọ̀, àwọn tó ń ní kó má dijú rárá ń fìyà jẹ ẹ́ lásán ni, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kẹ́ ẹ lè jí i kó sì dá yín lóhùn bó ṣe yẹ. Tó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ náà ń le sí i dípò kó máa rọlẹ̀, tó ń tòògbé débi pé ẹ ò rí i jí dáadáa, tí ọmọlójú ẹ̀ kan tóbi ju ìkejì lọ, tí gìrì mú un, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí tí omi tó mọ́ gaara ń jò nímú tàbí létí ẹ̀, ẹ má dúró de kílẹ̀ mọ́. Arúgbó àtẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tiwọn tún yàtọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra jò sábẹ́ agbárí wọn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó hàn síta, ẹ ó kàn rí i pé bàbá tó ń rìn dáadáa ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó ń gbàgbé orúkọ ọmọ, ẹ ó sì ti gbàgbé pé ó forí gbá férémù ilẹ̀kùn lóṣù tó kọjá. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ kàn mì, tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọn ò rí ewu, tó bá jẹ́ àgbàlagbà ó sábà máa ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọdé lè tó mẹ́rin. Ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́ kó sinmi, kó dín fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kù, lẹ́yìn náà kó máa rọra padà sẹ́nu nǹkan, kó má dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bọ́ọ̀lù àti eré míì tó lè tún gbá a lórí ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ títí dókítà á fi gbà fún un.

Ikùn náà máa ń tanni. Lábẹ́ egungun ìhà òsì, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kún inú ẹ̀ bámúbámú, spleen ni wọ́n ń pè é, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí bẹ́líìtì mọ́tò bá tẹ ikùn gidi ó lè sán, nígbà míì ó máa tó ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó wá da ẹ̀jẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ inú rírun tó ń le sí i, òòyì, òógùn tútù, àti èyí tí kì í wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni, pé kí èjìká òsì máa dunni nígbà tí nǹkan kan ò gbá èjìká. Ẹ má fi oògùn ìrora bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ti egbò ò gùn: omi tó mọ́ tó ń ṣàn, ọṣẹ, báńdéèjì tó mọ́, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n léèrè abẹ́rẹ́ tetanus, pàápàá tí irin tàbí iyẹ̀pẹ̀ bá wọ inú ẹ̀. Àìsàn yẹn sábà máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ 3 sí 21, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó le tí kò ṣeé là ló sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ ò tó nǹkan tẹ́ ẹ bá fi wé e.

P.O.P., ẹsẹ̀ tó wú àti ibùsùn

Eegun apá sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó so, ojúgun àti itan lè tó oṣù mẹ́ta, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sìgá máa ń fa eegun sẹ́yìn, mi ò sọ ọ́ láti fi bá ẹnikẹ́ni wí, ó ń dí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ síbi tó kán lọ́wọ́ ni. Ara tó ń tún ara ẹ̀ ṣe tún ń fẹ́ oúnjẹ aṣaralóore ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ẹran, kì í sì í ṣe àsìkò téèyàn ń gbààwẹ̀ nìyẹn torí pé ó ń bẹ̀rù kí òun má sanra.

Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi P.O.P. sí i, ẹ gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ, kẹ́ ẹ sì máa wo ọmọ ìka. Ẹ fi ìka yín tẹ èékánná ẹ̀ kó funfun, kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀: ó yẹ kí àwọ̀ ẹ̀ ti padà kẹ́ ẹ tó ka ení, èjì tán. Tí kò bá padà, tí ìka tutù, tó dúdú, tó kú, tàbí tí ìrora ń le débi tí oògùn ò ràn án, tó jẹ́ pé ẹ kàn na ìka ẹ̀ ló fi kígbe, ẹ má sọ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ara tó wú sínú P.O.P. ti fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa, láàárín wákàtí mélòó kan iṣan lè kú sínú ẹ̀. Ẹ padà lọ bá wọn, àní bó jẹ́ òru.

Ẹsẹ̀ kan tó wú ju ìkejì lọ, tó gbóná, tí iṣan ẹ̀yìn ojúgun ń dùn bíi pé ó há, lára ẹni tó ti dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹ̀jẹ̀ dídì ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra á tàbí tẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn lè já, kó gba ọkàn kọjá lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí á ṣàdédé kúrú, àyà á máa gún un tó bá mí, ó sì lè pààyàn. Ewu yẹn ṣì wà fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn olùtọ́jú jà lórí ọ̀rọ̀ ibùsùn. Ìfẹ́ ló máa ń mú wa sọ pé má dìde, jókòó, màá bá ẹ gbé e. Àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré iṣan tí kò ṣiṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í joro, oríkèé á le, ìgbẹ́ ò ní yà dáadáa, awọ ìdí àti gìgísẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá egbò. Ohun tí dókítà tàbí physio, ẹni tó ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa lo ara ẹ̀ padà, bá ti ní kó máa ṣe, kó ṣe é lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé mímì ọmọ ìka ẹsẹ̀ lásán ni. Ẹ̀yìn ríro náà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò pé eegun ò ṣẹ́, rírìn ló ń wò ó ju dídùbúlẹ̀ lọ.

Ìrora tí kò lọ

Ìrora iṣẹ́ ló wá ṣe, ó wá kìlọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó lè dà bí ajá tó gbó olè, olè ti lọ, ilẹ̀ ti mọ́, ajá ò dákẹ́. Ìrora tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, lọ́pọ̀ ìgbà ibi tó fara pa ti san, àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ ló kọ́ gbígbó tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíwọ́. Kì í ṣe irọ́ lẹni náà ń pa, ó ń dùn ún lóòótọ́, kí ẹ má ṣe sọ fún un láé pé inú orí ẹ̀ ló wà. Ẹ̀rí tó dájú jù wà lára àwọn tí wọ́n gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń ní ìrora níbi tí ẹsẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Dókítà Silas Weir Mitchell ní Amẹ́ríkà ló fún un lórúkọ phantom limb, ìyẹn apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ àmọ́ tó ń ṣe bíi pé ó wà, ní ọdún 1871, lẹ́yìn tó ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ogun abẹ́lé wọn sọ di aláàbọ̀ ara. Ní àwọn ọdún 1990, V. S. Ramachandran bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jígí síwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀, kí òjìji ọwọ́ tó kù nínú jígí dà bí èyí tí wọ́n gé, kí wọ́n máa ṣí i kí wọ́n máa pa á dé, ìrora àwọn kan sì rọlẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn kó béèrè fún ìtọ́jú jígí lọ́dọ̀ physio.

Ti oògùn wá ńkọ́? Paracetamol 500 mg, àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju 8 lọ láàárín wákàtí 24, kẹ́ ẹ sì ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn torí paracetamol máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, èèyàn á lo méjì pọ̀ tí kò mọ̀, ẹ̀dọ̀ ló máa jìyà ẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac máa ń dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n sì ń yọ kíndìnrín lẹ́nu, ẹlẹ́jẹ̀ ríru àtẹni tó ní ulcer kó béèrè kó tó lò ó. Tramadol àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, èyí ló ń dùn mí jù láti sọ. Wọ́n wúlò lọ́jọ́ tí ìrora bá pọ̀, mi ò bẹ́nu àtẹ́ lù wọ́n, àmọ́ wọ́n máa ń mọ́ ara lára, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ẹni náà ò ní mọ̀ mọ́ bóyá apá ló ń dun òun ni tàbí ara ló ń béèrè oògùn. Níbi tí ìwé yẹn ti wúlò nìyí: tẹ́ ẹ bá rí i pé iye tẹ́ ẹ̀ ń lò ń pọ̀ sí i nígbà tí ìrora ò pọ̀ sí i, ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ má sì dá a dúró lójijì fúnra yín, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bá èèyàn dín in kù.

Oorun àti ọkàn

Ìrora kì í jẹ́ kéèyàn sùn, àìsùn sì ń mú kí ìrora le, àwọn méjèèjì ń ti ara wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ já okùn yẹn, apá ti oorun ló máa ń rọrùn jù láti mú: aago kan náà láti jí lójoojúmọ́, má sùn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lọ́sàn-án, oògùn ìrora tí dókítà kọ kẹ́ ẹ bi í bóyá ẹ lè lo ti alẹ́ súnmọ́ àsìkò oorun, ìrọ̀rí kan lábẹ́ apá tàbí sáàárín orúnkún. Ọtí kì í ṣe oògùn oorun, á gbé yín sùn, á tún jí yín ní aago mẹ́ta òru.

Ní ti ọkàn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé wa dáadáa. Kí èèyàn máa ta gìrì, kó máa lálàá jàǹbá náà, kó máa sunkún láìnídìí, kó má fẹ́ gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, láàárín oṣù kan àkọ́kọ́, bí ọkàn ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn tó rí ikú fín-ín-fín. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ojo, kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kì í ṣe wèrè. Ọ̀pọ̀ á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ní oṣù yẹn ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni kó jókòó kó ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀ látòkèdélẹ̀ fún àlejò kọ̀ọ̀kan tó wá kí i, tó bá fẹ́ sọ kẹ́ ẹ gbọ́, tí kò bá fẹ́ kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀ míì. Tó bá ti lé ní oṣù kan tí ò rọlẹ̀, tí àlá ń bọ̀, tí ìran jàǹbá ń ṣàdédé padà lójú ẹ̀ bíi pé ó tún ń ṣẹlẹ̀, tó ń sá fún nǹkan, tí gbogbo ariwo ń bà á lẹ́rù, àìsàn gidi nìyẹn tó lórúkọ, PTSD, ó sì ní ìtọ́jú. Ìtọ́jú tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, tó dá lórí jàǹbá náà gan-an, àti èyí tí wọ́n ń pè ní EMDR, tí wọ́n ti máa ń ní kéèyàn máa fi ojú tẹ̀ lé nǹkan tó ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe ń rántí jàǹbá náà, wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì sábà máa ń gba ìjókòó 8 sí 12. Oògùn tó kàn ń mú kí ara èèyàn rọlẹ̀ bíi diazepam kì í wo èyí.

Bí wọ́n ṣe ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi nìyí, torí mo wà níbẹ̀. Oníṣègùn ọkàn ẹ̀ ní kó kọ gbogbo nǹkan tó ń bà á lẹ́rù nípa mọ́tò sílẹ̀, kó tò wọ́n láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó kàn jókòó nínú mọ́tò tó wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ṣí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó làágùn bíi pé ó sáré. Oníṣègùn náà ti sọ fún wa pé kó má jáde nígbà tí ẹ̀rù bá dé góńgó, kó dúró títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, torí tó bá sá jáde níbi tó ti le jù, ohun tí ọpọlọ máa kọ́ ni pé sísá ló gbà á là. Mo jókòó tì í, mi ò sọ nǹkan kan. Ó di ìṣẹ́jú kẹtàlá kó tó mí kanlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e a ti ilẹ̀kùn, a ṣí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà dé ìkángun àdúgbò, lẹ́yìn náà ọ̀nà tí mọ́tò ò pọ̀, a ń padà sẹ́yìn nígbà míì, ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò fẹ́ wọlé rárá, kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìkọ́lé ikán ni, ojú ò rí i bó ṣe ń ga.

Tó bá jẹ́ pé ìwà èèyàn ló yí padà lẹ́yìn tó forí gbá nǹkan, ẹ má tètè pè é ní àìmoore. Ní 13 September 1848, ní Vermont ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tù bú mọ́ ọ̀gá àwọn tó ń la ọ̀nà reluwé kan lójú, Phineas Gage, ọmọ ọdún 25, irin tó gùn ju mítà kan lọ gba abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀ wọlé, ó gba orí ẹ̀ jáde. Kò kú. Àmọ́ dókítà ẹ̀, John Harlow, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ń fara balẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di oníbìínú tó ń ṣépè, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní kì í ṣe Gage mọ́. Ibi táwọn èèyàn máa ń dá ìtàn náà dúró sí nìyẹn, ó sì ń dùn mí, torí ọkùnrin yìí tún lọ sí Chile, ó wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin akérò níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, iṣẹ́ tó ní àkókò, tó ní ètò, tó gba sùúrù, àwọn kan tó tún yẹ ìtàn ẹ̀ wò sì gbà pé ètò ojoojúmọ́ yẹn ló jẹ́ kó rí ara ẹ̀ kó jọ. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ fara pa, ẹ bá a to ọjọ́ ẹ̀: aago kan fún jíjí, nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, kí ariwo má pọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbi tó máa rí i.

Tó bá sọ ọ́ jáde pé ó sàn kóun ti kú níbẹ̀, ẹ má fi ṣe eré, ẹ má sì bú u. Ẹ bi í léèrè tààrà bóyá ó ń ro pé kóun pa ara òun, bíbéèrè kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ̀ lè tó o, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ọmọdé àti àgbàlagbà

Ọmọdé kì í sọ pé ọkàn òun ń gbọgbẹ́. Á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti fi sílẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ìyá ẹ̀, á máa fi ọkọ̀ ìṣeré gbá ara wọn léraléra. Ẹ dá a lóhùn, ẹ má nà án, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ, ìwẹ̀ àti àsìkò oorun ẹ̀ wà bó ṣe wà. Tí eegun ẹ̀ bá ṣẹ́ nítòsí oríkèé, kí wọ́n rí i pé wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tó jinná pàápàá, torí ibẹ̀ ni eegun ọmọdé ti ń gùn.

Àgbàlagbà tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù ìṣubú ló máa ń ṣe é ju ìṣubú lọ. Kò ní fẹ́ rìn mọ́, ẹsẹ̀ á sì rọ, ẹsẹ̀ tó rọ yẹn ló máa gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Iná tó mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwẹ̀, irin tí wọ́n lè dì mú, bàtà tí kì í yọ̀, kí dókítà yẹ ojú ẹ̀ wò kó sì wo oògùn tó ń fún un lóòyì, kí physio kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde nílẹ̀. Ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, ẹni tó mọ bóun ṣe máa dìde kì í bẹ̀rù ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú, àti iṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé èèyàn dìde, tẹ́ ẹ̀ ń fọ egbò, tẹ́ ẹ̀ ń jí lóru, ẹ̀yìn yín á dùn yín, ẹ̀ẹ́ bínú sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ojú á tún wá tì yín pé ẹ bínú. Ẹ pín in. Ẹnì kan tó ní "tí nǹkan kan bá wà kẹ́ ẹ pè mí", ẹ fún un ní nǹkan kan pàtó lójú ẹsẹ̀: wá jókòó tì í lọ́jọ́ Tuesday láti aago méjì sí márùn-ún kí n lè sùn. Àwọn èèyàn fẹ́ ṣèrànwọ́, wọn ò kàn mọ ibi tí wọ́n máa fọwọ́ bà ni.

Ní ti iṣẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ara máa pé pátápátá, ẹ má sì padà lódindi lọ́jọ́ kan. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní ọsibítù kí wọ́n kọ ohun tẹ́ ẹ lè gbé àti wákàtí tẹ́ ẹ lè fi jókòó sínú ìwé, kẹ́ ẹ fi han ọ̀gá yín, kẹ́ ẹ fi wákàtí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo rìsíìtì àti èsì àyẹ̀wò, ẹ kó wọn síbì kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú tàbí ti insurance bá dé, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń dá lóhùn. Ọ̀rọ̀ láàárín tọkọtaya náà máa ń yí padà, ìrora, oògùn àti ìtìjú àpá ara máa ń mú kí wọ́n jìnnà síra, ẹ bi dókítà, ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ irú ẹ̀.

Ìgbà wo lèèyàn wá ń dá ìwé kíkọ yẹn dúró? Kò sí ọjọ́ kan pàtó. Ẹ ó rí i pé ẹ ti gbàgbé láti kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan kan ò ṣe yín. Ti ẹ̀gbọ́n mi dúró ní oṣù kẹwàá, ohun tó kọ gbẹ̀yìn sínú ẹ̀ ni: "Mo sùn lọ nínú mọ́tò lónìí. Ìgbà tá a délé ni wọ́n tó jí mi."